Mo Gbé Ilé Mi Dání Wá Kí Àwọn Ọmọ Mi

Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń fa omi inú ọkọ̀-ilé wọn gbẹ, tí wọ́n ń fi tapólì bò ó títí òtútù yóò fi kọjá, ìgbà yẹn gan-an ni èmi máa ń di ẹrù sínú tèmi. Mọ́tò tó ní ibùsùn, sítóòfù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti táńkì omi nínú ni mò ń sọ, èyí tí èèyàn lè wà lọ síbi tó bá wù ú kó sì sùn síbẹ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń wà á. Bàbá àwọn ọmọ mi kì í bá mi lọ. Ó ní ẹni tó ti ní ilé tó dúró sójú kan, kí ló tún fẹ́ fi ilé tó ń sáré ṣe? Kò dí mi lọ́wọ́, èmi náà kò sì fipá mú un. Bí mo bá dé, á bi mí bóyá ilé náà ṣì ń sáré, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, gbogbo wọn ló ti kúrò lábẹ́ òrùlé mi. Àkọ́bí mi obìnrin ti lọ́kọ, ó ti bímọ. Ọkùnrin tó tẹ̀ lé e ń dá gbé. Àbígbẹ̀yìn mi, ọkùnrin lòun náà, ń gbé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ilé kan tí yàrá rẹ̀ kò ju kí èèyàn na ẹsẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ń gbé jìnnà síra wọn, ó sì jìnnà sí mi.

Owó ló kọ́kọ́ gbé mi dédìí ìrìn ìgbà òtútù. Nígbà tí gbogbo ayé bá wà lójú ọ̀nà, àwọn ibùdó tí wọ́n ń gbé ọkọ̀-ilé sí máa ń gbówó lérí, wọ́n á sì ti gba gbogbo àyè tán kí èèyàn tó ronú kàn án. Lásìkò tí èrò bá ti wálé, mo lè sùn síbi tó wù mí, ẹ̀gbẹ́ omi tàbí abẹ́ igi, kí ó má sì sí aládùúgbò kankan lọ́tùn-ún lósì. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń mú mi lọ mọ́.

Ọmọ tí èèyàn bá lọ kí nígbà ìsinmi, ó ti múra dè é. Ó ti tún ilé ṣe, ó ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ti kó gbogbo ìdààmú rẹ̀ sínú yàrá kan ó sì ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn. A ó jẹ, a ó mu, a ó ya fọ́tò, màá padà sílé láìmọ ohun tó ń jẹ ọmọ mi lọ́kàn. Ní àárín ọ̀sẹ̀ kan lásán, nínú oṣù tí ẹnikẹ́ni kì í gba ìsinmi, kò sáyè fún irú ìmúra bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ń pè é lórí fóònù, ọmọ ń sunkún, aṣọ tí wọ́n fọ̀ lánàá ṣì wà lórí àga. Ọmọ mi tòótọ́ nìyẹn, òun ni mo fẹ́ rí.

Bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ kí ìyá òun wá jókòó sáàárín pálọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí iṣẹ́ kún ọwọ́? Àwọn àgbà ní onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Ibi tí ọkọ̀-ilé ti wúlò jù lọ fún mi nìyẹn. N kò béèrè ibùsùn, n kò béèrè kọ́kọ́rọ́, ẹnikẹ́ni kò ní láti gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní yàrá nítorí mi. Mo gbé gbogbo rẹ̀ dání wá.

Kí n tó sọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọ̀nà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó ń dá rìn nígbà òtútù kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá a rántí nǹkan.

Gáàsì ló kọ́kọ́ máa ń dójú ti èèyàn lóru. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ nínú sílíńdà: butane àti propane. Bí òtútù bá ti sún mọ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, butane kì í fẹ́ di afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹ ó gbé sílíńdà, ẹ ó rí i pé ó wúwo, ẹ ó ṣáná, kò ní ràn. Propane kò ní wàhálà yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bí ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo. Bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀ sínú sílíńdà kan, propane inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jó lọ nínú òtútù, tí butane á sì jókòó sísàlẹ̀ tí yóò máa wò yín. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má fi àwọ̀ sílíńdà mọ̀ ọ́n.

Bátìrì ń kọ́? Ọ̀kan wà fún ẹ́ńjìnnì, òmíràn wà fún iná inú ilé, páǹpù omi àti fáànù hítà. Bí ti inú ilé bá jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n fi òjé ṣe, kò dára kí èèyàn lò ó kọjá ìdajì kó tó tún gba iná sí i. Bí ó bá jẹ́ lithium, ó lè lò ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gba iná nígbà tí ara bátìrì náà bá tutù ju òdo lọ, inú rẹ̀ ló ń bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dára máa ń dá ara wọn dúró. Sólà tó wà lórí òrùlé, ẹ má fọkàn tẹ̀ ẹ́ púpọ̀: oòrùn ìgbà òtútù kì í gòkè, ọ̀sán kúrú, sólà sì dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ó ń retí oòrùn àtàrí tí kò ní dé. Èmi máa ń wakọ̀ díẹ̀ lójoojúmọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè bá mi gba iná sí i, tàbí kí n sùn ní ibùdó tó ní iná lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà tí n kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá sùn nínú yàrá kékeré tó tì pa, èémí rẹ̀ nìkan tó láti mú kí gíláàsì fèrèsé máa kán omi láàárọ̀. Omi yẹn á wọ abẹ́ fóòmù ibùsùn, fóòmù á sì máa bu. Ọ̀nà tí a fi ń ṣẹ́gun rẹ̀ ni kí a ṣí ojú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kódà bí òtútù bá ń mú. Ara ẹni kì í fẹ́. Ọkàn á máa sọ pé kí n fi aṣọ dí gbogbo ihò, kí n tan sítóòfù kí ó máa mú yàrá gbóná. Ikú ń bẹ níbẹ̀. Iná tó bá ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ kò tó máa ń mú gáàsì olóró kan tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta èèyàn nímú. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń dì mọ́ ohun tó yẹ kó gbé ọ́síjìn kiri, agbára tó fi ń dì mọ́ ọn sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á máa fọ́ èèyàn, òòyì á máa kọ́ ọ, oorun á gbé e lọ, ẹni tó dá sùn kò sì ní ẹni tí yóò gbọ̀n ọ́n jí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń ké bí gáàsì olóró náà bá ti wà nínú yàrá. Mo ní in, mo sì máa ń tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Sítóòfù mi, oúnjẹ nìkan ló wà fún.

Omi: lítà kan jẹ́ kílò kan, ẹ rántí ìyẹn kí ẹ tó kún táńkì fún ìrìn ọ̀nà jíjìn. Bí omi bá di yìnyín, á wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, páìpù kò sì ní ibi tí yóò sá lọ, á bẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ibùdó fi máa ń ti ẹ̀rọ omi wọn pa nígbà òtútù. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago kí ẹ tó lọ. Ohun tí wọ́n kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ ti ìgbà tí èrò pọ̀.

Atẹ́gùn náà kò ṣe é fojú di. Ọkọ̀ tó ga tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fẹ̀, bí atẹ́gùn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí afárá, tàbí bí ọkọ̀ àjàgbé ńlá bá yà á sílẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé ẹ kò wa mọ́tò kékeré. Màá dẹ ẹsẹ̀ lórí iná, màá di sítíárìn mú lọ́wọ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá sọ pé ìjì ń bọ̀, n kò ní kúrò níbi tí mo wà. Àǹfààní ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nìyẹn: kò sí ọ̀gá tí ń dúró dè mí níbì kankan.

Ilẹ̀ tètè ń ṣú. Èmi kì í jẹ́ kó ṣú bá mi lójú ọ̀nà, bí ó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ti ń wá ibi tí màá sùn. N kò lẹ́ni tí yóò dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kó máa ní “máa bọ̀, máa bọ̀,” nítorí náà bí mo bá fẹ́ fẹ̀yìn rìn, màá pa ẹ́ńjìnnì, màá sọ̀ kalẹ̀, màá fi ojú mi wo ẹ̀yìn àti òkè, nítorí ẹ̀ka igi ń ṣe òrùlé léṣe ju òpó lọ. Mo máa ń gbé orí ọkọ̀ kọjú sí ọ̀nà àbájáde. Bí ibì kan kò bá tẹ́ mi lọ́rùn lóru, màá bọ́ sórí àga awakọ̀ láti inú yàrá mi, màá ṣáná sí i, màá lọ, láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. N kì í bá ọkàn mi jiyàn lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sí ẹni tí mo ní láti ṣàlàyé fún.

Ṣé ó máa ń sú mi? Ó máa ń sú mi. Láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ ti ṣú títí di ìgbà tí oorun yóò dé gùn púpọ̀, pàápàá bí òjò bá ń lu òrùlé tí rédíò kò sì gbé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ń gbádùn gbogbo alẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ti lo irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ mélòó kan, ohùn mi máa ń rọlẹ̀. Mo máa ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi láìní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu, ó sì ti hàn sí mi pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àkọ́bí ni mo sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ó ní àyè níwájú ilé rẹ̀ tó gba ọkọ̀ mi. Kí n tó sùn síbẹ̀ rí, mo ní kó bi àwọn aláṣẹ àdúgbò bóyá òfin gbà á, nítorí ọ̀pọ̀ ìlú ni kò fẹ́ kí èèyàn máa sùn nínú ọkọ̀ lójú títì. Bí òfin kò bá gbà á, ibùdó tó sún mọ́ wọn ni kí ẹ lọ, kí aládùúgbò má bàa sọ ọmọ yín di ẹni àpèjẹ́jọ́. Wáyà iná la fà láti inú ilé rẹ̀ sínú ọkọ̀. Wáyà tó nípọn ni, gbogbo rẹ̀ la sì máa ń tú kúrò lára róòlù rẹ̀, torí èyí tó bá ká jọ nígbà tí hítà ń fa iná lè gbóná títí yóò fi yọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, òfin tèmi: n kì í wọ ilé rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pè mí. Ọkọ rẹ̀ rò lákọ̀ọ́kọ́ pé mo ń bínú. Mo ní rárá o, ilé yín nilé yín, ilé mi rèé, bí ẹ bá fẹ́ mi ẹ kan ìlẹ̀kùn. Láàárọ̀, mo máa ń jókòó nídìí fèrèsé mi, màá sì máa wo bí wọ́n ṣe ń jáde. Ọmọ mi á gbé báàgì ọ̀kan kọ́ èjìká, á fi eyín di kọ́kọ́rọ́ mú, á sáré padà wọlé lọ wá bàtà ẹsẹ̀ kan tí ọmọ kékeré ti jù sí ibi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Gbogbo ara mi á máa yún mi láti jáde kí n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá nawọ́ sí mi, n kò ní jáde. Ó mọ ibi tí mo wà, ìlẹ̀kùn mi kò ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí tirẹ̀. Nígbà mìíràn á gbójú sókè, á rí mi nídìí gíláàsì, á mi orí rẹ́rìn-ín, á sì tún sáré lọ. Ní àwọn òwúrọ̀ mìíràn, á kígbe pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí!” Kíá ni mo ti dé ibẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ti sùn, ó kan ìlẹ̀kùn mi. “Mọ́mì, ṣé ẹ ti sùn?” Mo ní kó wọlé. Ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sí àga gbọọrọ tó wà nídìí tábìlì, ó bọ́ káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn ó gbé e kalẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, “Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má dá mi lóhùn o.” Èmi? Ìyá tó bí i? Kí n má dáhùn? Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ife tí mo gbé dání mú, mo sì dákẹ́. Ohun tó sọ, tirẹ̀ ni, n kò ní kọ ọ́ síbí. Nígbà tó parí, ó ní ara òun ti fúyẹ́, ó gbé bàtà rẹ̀, ó padà sílé. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wà lọ́dọ̀ wọn, ó máa ń wá bẹ́ẹ̀ lálẹ́. Inú ọkọ̀ mi nìkan ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti pè é ní Mọ́mì, Sweetie tàbí Ọ̀gá. Bí mo bá ń sùn nínú yàrá àlejò rẹ̀, tí mo wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń pè é, níbo ni ì bá ti rí mi bá sọ̀rọ̀?

Ti ọkùnrin tó tẹ̀ lé e yàtọ̀. Lórí fóònù, “mo wà dáadáa, mà” ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣiṣẹ́, ó sì lè ṣe é níbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà. Nítorí náà mo ní kó bá mi gun apá kan nínú ìrìn-àjò mi, kó wa ọkọ̀, kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ká máa rìn lọ́sàn-án. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ nínú ọkọ̀ ara mi. Kò rọrùn! Ẹsẹ̀ mi ń wá bíréèkì ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gba kọ́nà. Ó rí ẹsẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mọ́mì, bíréèkì kò sí níbẹ̀ yẹn o.”

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti ọmọkùnrin yìí kò sí lójú, inú ọ̀nà tó wà níwájú ló wà. Bí èmi àti òun bá jókòó dojú kọ ara wa, á wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa méjèèjì kọjú síwájú, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárìn, tí kò sì sí ẹni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìgbà tó ń ya ọkọ̀ àjàgbé kan sílẹ̀ ló sọ fún mi pé òun ti fi iṣẹ́ tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ òun sílẹ̀, ó ti pẹ́, iṣẹ́ mìíràn lòun ń ṣe báyìí. Ọkọ̀ àjàgbé náà gùn. N kò lè sọ̀rọ̀ títí tó fi kọjá rẹ̀, àbí kí n dí i lójú níbẹ̀? Nígbà tó fi padà sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ìbéèrè mẹ́rin tí mo fẹ́ bi í ti ku ẹyọ kan: “Ṣé èyí tẹ́ ọ lọ́rùn?” Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù, láìsí pé mo fà á lẹ́nu. Mo gbàdúrà fún un bí a ṣe ń lọ, ó ní àmín, ó tún ti wo díńgí.

Níbi tí a dúró sí, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti táyà bí mo ṣe máa ń ṣe kí ọkọ̀ tó tún gbéra. Ó ní ojú táyà náà ṣì jinlẹ̀, kí ni mò ń wá? Mo fi àtàńpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fi nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT hàn án. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 3521 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2021. Ọkọ̀-ilé kì í rìn púpọ̀, ó máa ń dúró sójú kan fún oṣù gbọọrọ, nítorí náà rọ́bà á gbó kí ojú táyà tó jẹ tán, á sì máa dán lójú ẹni tí kò mọ̀. Mo tún sọ fún un pé bí òtútù bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 Celsius pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ inú táyà á fi nǹkan bí psi 1 dín (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà), kí ó máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, nígbà tí táyà ṣì tutù. Ọmọ mi wò mí láti òkè délẹ̀. “Mọ́mì, ta ló kọ́ yín?” Lẹ́yìn tó padà sílé, ó ya fọ́tò nọ́ńbà táyà mọ́tò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan sí i, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti gbó.

Òun náà ló yanjú ìjà tó wà láàárín èmi àti àwọn yòókù nípa ààbò mi. Àkọ́bí fẹ́ kí fóònù mi máa fi ibi tí mo wà hàn wọ́n tọ̀sán-tòru. Mo kọ̀. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta kì í tún wá di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Àbúrò rẹ̀ yìí ní ká ṣe é báyìí: bí mo bá ti gúnlẹ̀, kí n fi ibi tí mo wà ránṣẹ́ sórí WhatsApp gbogbo wa, ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́. Bí ó bá di aago méje alẹ́ tí wọn kò gbọ́ mi, ẹni tó bá kàn lọ́jọ́ náà á pè mí. Bí n kò bá gbé e, á pe ibùdó tí mo sọ pé mò ń lọ. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí nígbà tí mo bá ń wakọ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Mo gbà, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wa títí di òní.

Àbígbẹ̀yìn kò ní ibi tí n lè gbé ọkọ̀ sí, ìgboro tó ń gbé há, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ kan tó bá wọ ibẹ̀ nítorí èéfín. Ibùdó kan tó wà nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dé ni mo ń dúró dè é sí. Á dé lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú báàgì kan lẹ́yìn. Kí n má parọ́, òun ló ṣòro jù fún mi láti bá gbé inú ọkọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òun ni mo máa ń ṣàárò jù. Ó ga. Ibùsùn tirẹ̀ ni èyí tí a ń ṣe láti ara tábìlì, a ó yọ ẹsẹ̀ tábìlì, a ó gbé pákó rẹ̀ sílẹ̀ sáàárín àga méjì, a ó to fóòmù lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì tún yọ síta. Èmi máa ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun kì í jí. Bí tábìlì bá ti di ibùsùn, kò síbi tí n lè jókòó sí bí kò ṣe àga awakọ̀, níbẹ̀ ni mo máa ń wà pẹ̀lú ìbora lórí ẹsẹ̀, tí mò ń wo bí ìrì ṣe ń yọ́ lórí gíláàsì, títí ọ̀gá yóò fi jí.

Hítà ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ó fẹ́ kó gbóná bíi ti ilé rẹ̀, ó sì fẹ́ ti ojú afẹ́fẹ́ pa. Mo ti sọ ìdí tí n kò fi ní gbà. Ó ní mò ń bẹ̀rù jù. Òjò wá mú wa mọ́nú ilé lọ́jọ́ Sátidé, bàtà tó rin gbingbin wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè yí padà láìjẹ́ pé ẹnìkejì jókòó. Nígbà tó di ọ̀sán, ohùn wa ti ń le síra wa. Ó wọ aṣọ òjò, ó jáde lọ, ó lò tó wákàtí kan. Nígbà tó padà, ara ti tù ú, ara ti tu èmi náà. Láti ìgbà yẹn a ti mọ̀ ọ́n sí ètò: lójoojúmọ́, olúkúlùkù wa á jáde nìkan fún ìgbà kan, òjò ì báà máa rọ̀. Àgbàlagbà méjì kò lè máa fi imú kan imú láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ kí wọ́n má jà, bí wọn kò tilẹ̀ ti ní ohunkóhun láti jà lé.

Lálẹ́ ọjọ́ òjò yẹn, ó bi mí léèrè bí mo ṣe rí nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn méjì yòókù kò bi mí rí. Mo sọ fún un nípa iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe kí n tó ṣe èyí tí mo ṣe, àti ọkùnrin tí n kò fẹ́ kí n tó fẹ́ bàbá rẹ̀. Ó dìde jókòó lórí ibùsùn tábìlì rẹ̀, ó ní, “Hẹ̀ẹ̀n? Ṣé Dádì mọ̀?” Ó mọ̀ dáadáa.

Ohun kan tí mo ń ṣe fún gbogbo wọn ni pé mo máa ń sọ ọjọ́ tí màá lọ kí n tó dé rárá. Bí ọmọ kò bá mọ ọjọ́ tí àlejò rẹ̀ ń lọ, á máa ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, bó ti wù kó fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó. Bí ó bá ti mọ̀ ọ́n, á fara balẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n fi ọjọ́ kan kún un, màá dúpẹ́, màá sì lọ ní ọjọ́ tí mo dá, àfi bí àìsàn bá wà nílé. Ó dùn mọ́ mi kí wọ́n ṣì fẹ́ mi nígbà tí mo bá ń lọ ju kí n dúró wo ìgbà tí yóò sú wọn.

Àkọ́bí mi àti ọkọ rẹ̀ ti ń yọ́ ọ̀rọ̀ kan sọ báyìí. Wọ́n fẹ́ yá ọkọ̀ náà lò pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn nígbà ìsinmi, nígbà tí ọ̀nà bá kún tí ibùdó sì gbówó lérí. Mo ní mo gbà, tìyókù oṣù ọdún ló kàn mí. Mo ti kọ gíga ọkọ̀ náà sórí ìwé kékeré, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ojú awakọ̀ kí ọkọ rẹ̀ má bàa fi òrùlé mi gbá afárá. Ohun kan ṣoṣo tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí ni àpótí tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń bọ́ sí. Ọmọ mi ní àwọn lè gbé e padà wá bẹ́ẹ̀ kí n bá wọn dà á. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ wá kọ́ ọ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó gba kọ́kọ́rọ́.